Ẹ Ò Jẹ́ Kí Ó Pe Baba: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní kò ní èsì. Èkejì padà wálé nínú báàgì ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ẹ̀kẹta yìí sí gbangba, kí àwọn òbí mìíràn tí ọmọ wọn ń kólòlò lè bá wa kà á. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín, mi ò sì ní dárúkọ olùkọ́ kankan. Ẹ mọ ara yín, ó tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, wà lára àwọn tí yóò kéwì níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Olùkọ́ èdè Yorùbá ló yàn án, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi há ewì náà sórí. Ó ń ké e ní balùwẹ̀, ó ń ké e fún àbúrò rẹ̀, ó ń ké e fún àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ, wọ́n ń dán wọn wò nínú gbọ̀ngàn. Ó dé ibi tí ewì ti ní “ìyá ni wúrà, baba ni jígí,” ó sì há sórí “baba”. Ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ọrùn rẹ̀ le, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú, Mà. Ẹ pe “baba” fún un. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ọmọbìnrin tó tò tẹ̀ lé e, torí pé àlejò ń bọ̀, àkókò kò sì sí. Wọ́n wá fún ọmọ mi ní aṣọ gbọọrọ kan tí wọ́n kọ “Ẹ Káàbọ̀” sí, kí ó máa di etí kan rẹ̀ mú. Ó dì í mú títí ayẹyẹ fi parí. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Nígbà tí mo wá bá yín ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ sọ fún mi. Mi ò dá yín lóhùn, ẹ sì rò pé mo gbà. Akólòlò ni èmi náà, Mà. Ahọ́n ni kò jẹ́ kí n fèsì lọ́jọ́ náà. Ìwé kì í kólòlò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìwé dáhùn wọn.

1. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ojú tì í.

Mo gbà pé inú rere lẹ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú kò tì í kí ẹ tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé òun ń kólòlò bí ó ṣe mọ̀ pé ọwọ́ òsì lòun fi ń kọ̀wé. Ọjọ́bọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń gbé pamọ́ fún àlejò ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ rán an ní búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé wa. Ẹyin ló rà bọ̀. Ó ní búrẹ́dì ti tán. Mo gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, búrẹ́dì kún orí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò bá a wí, torí mo mọ òwò yẹn, mo ti ṣe é rí. K ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí fi bẹ̀rẹ̀, K sì ni ọ̀tá mi. Ọ̀rọ̀ yòówù tó bá há, èèyàn lè wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀, àfi orúkọ ara ẹni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní oríkì, oríkì ni mo sì sá pamọ́ sí. Ọdún mẹ́rin tí mo lò ní yunifásítì, Àjàní ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Wọ́n rò pé ìfẹ́ àṣà ló ń dà mí láàmú.

Ọ̀rọ̀ ìkíni tún wà níbẹ̀. Láàárín wa níbí, ọmọ tí kò kí àgbà ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, kò sí àwíjàre. Ní sáà kejì, wọ́n ní kí ọmọ yìí kúnlẹ̀ lójú oòrùn nítorí pé ó rí olùkọ́ kan kò kí i. Ó kí i o. Ó ti dọ̀bálẹ̀, “Ẹ” tó wà níwájú “Ẹ káàárọ̀” ló kọ̀ tí kò jáde. Olùkọ́ náà ti kọjá lọ kí ó tó bọ́ lọ́fun rẹ̀, ó sì wá kí atẹ́gùn.

2. Ẹ ní Mósè pàápàá, Árónì ló ń gbẹnu sọ fún un.

Mo lọ ṣí Bíbélì ilé. Nínú Ẹ́kísódù orí 4, Mósè fúnra rẹ̀ ló ní olóhùn wúwo àti aláhọ́n wúwo lòun, tó bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa rán ẹlòmíràn. Ìbínú Olúwa ru sí i kí a tó gbọ́ orúkọ Árónì. Ẹ wá ṣí Diutarónómì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ọ̀rọ̀ ẹnu ta là ń kà níbẹ̀? Mósè kan náà ni, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì ní òdìkejì Jọ́dánì. Árónì ti kú nígbà náà.

Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín àwa òbí mọ àdúà Ànọ́bì Mùsá nínú Súrà Tọ́-Há. Ó bẹ Ọlọ́run kí ó la àyà òun, kí ó tú kókó tó wà ní ahọ́n òun kí ọ̀rọ̀ òun lè yé àwọn èèyàn. Ó tọrọ arákùnrin rẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ló tọrọ. Ẹ̀yin kò fún ọmọ mi ní olùrànlọ́wọ́. Arọ́pò lẹ fún un.

3. Ẹ ní ìkánjú àti ìbẹ̀rù ni, pé bí ó bá fara balẹ̀ yóò lọ.

Gbogbo wa la dàgbà sínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ní mo sín akólòlò kan jẹ ló fi ràn mí. Ẹnìkan gbá mi lẹ́nu lójijì kí ìpayà lè lé e jáde. Kò jáde.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé ìkólòlò a máa rìn nínú ẹbí, pé bí ọpọlọ ṣe ń to iṣẹ́ èémí, ọ̀fun àti ẹnu pọ̀ ló ti ń wá, àti pé kò kan òye orí rárá. Nínú ọmọdé 100, bíi 5 ló máa ń kólòlò nígbà kan. Púpọ̀ nínú wọn á bọ́ nínú rẹ̀. Nínú àgbà 100, bí ẹnì 1 ló ṣẹ́ kù, ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ. Ẹbí ńlá kan ní Kamẹrúùnù, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti rí díẹ̀ nínú àwọn jíìnì tó ń fà á. Ìbẹ̀rù lè mú un le sí i. Òun kọ́ ló bí i. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín bá tó 400, ẹ mọ̀ pé tèmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn yòókù ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹyin ni.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ẹni tó ń kólòlò kì í sábà kólòlò bó bá ń kọrin. Bí òun àti ẹlòmíràn bá jọ ń kàwé pa pọ̀, ọ̀rọ̀ á máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ geere. Ohun tó ní ìlù nínú a máa gbé ahọ́n rìn, ewì sì ní ìlù nínú. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ mi lè fi ẹnu ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, ewì yẹn ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, òun lẹ sì gbà. Ìlà 24 ni. Alaalẹ́ ni mo ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìwé rẹ̀ níbi tó bá ti há. Ibì kan ṣoṣo ni àmì wà, ẹ̀gbẹ́ “baba”, wọ́n sì ń dín kù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Mo máa ń kà á lọ́kàn mi bó bá há: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ìgbà mìíràn mẹ́fà. Ẹ ní àkókò kò sí. Àlejò pàtàkì yín pẹ́ dé ní wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ náà, Mà, gbogbo wa la sì dúró dè é.

Òwe tí gbogbo wa ń pa ni pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló há sí i lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé àlọ́ ni mò ń pa, ẹ ó ní mo purọ́. Òwe náà kò sọ pé kí ẹnì kankan bá a pè é.

4. Ẹ ní kí n wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un, iṣẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú.

Èyí ni mo fẹ́ jókòó tì dáadáa.

Ẹ ti gbọ́ ohùn James Earl Jones rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n: òun ni ohùn Mufasa, baba kìnnìún inú eré àwòrán tó jáde ní 1994. Òun náà ni ohùn Darth Vader, ìkà inú fíìmù Star Wars, láti 1977. Ohùn tó dún bíi gbẹ̀du ni.

Wọ́n bí i ní 1931 ní Arkabutla, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, wọ́n sì kó o lọ sí oko kan ní Michigan nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 5. Ìkólòlò mú un níbẹ̀, ó le débi pé ó pa ẹnu dé. Ó tó bí ọdún mẹ́jọ tí ọmọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ará ilé àti àwọn ẹran ọ̀sìn inú oko ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ rántí adìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Brethren, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Donald Crouch. Òun ló ṣàkíyèsí pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ń kọ ewì. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà kọ ọ̀kan nípa ọsàn gréèpù. Crouch kà á tán, ó ní ewì yìí dára jù, pé bó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, kó dìde níwájú kíláàsì kó kà á láti inú orí rẹ̀ wá. Èmi ò mọ̀ bóyá mo láyà láti fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dìde torí pé wọ́n fẹ́ gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ké ewì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò kólòlò. Ẹnu ya òun náà.

Láti ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn díje nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ó kàwé gboyè ní yunifásítì Michigan ní 1955, ó ṣiṣẹ́ ológun, ó di òṣèré, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Tony, tí wọ́n ń fún àwọn eléré orí ìtàgé, ní 1969 àti 1987. Ní 2022 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn eré kan ní Broadway, àdúgbò eré orí ìtàgé ní New York. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 2024, ẹni ọdún 93 ni.

Mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí ẹnìkan fi di ẹ̀pà fún mi. Títí di ọjọ́ náà, ìwòsàn ni mò ń wá kiri. Wọ́n ti gbé mi dé orí òkè, mo ti mu omi àdúrà, mo ti lá àgúnmu, mo ti gbọ́ ẹ̀rí àwọn tó ní àwọn kólòlò rí, tí Ọlọ́run gba àwọn. Àwọn yẹn nìkan ni mo mọ̀ ní àwòkọ́ṣe, ẹni tó ti bọ́. Mo wá ka ti ọkùnrin yìí, tí gbogbo ayé ń sanwó torí ohùn rẹ̀, tó dàgbà tó darúgbó tó ṣì ń sọ pé òun kò bọ́, pé òun ṣì ń kólòlò, pé òun ń wo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, òun sì ń bá a rìn. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo tún un kà. Òun ni akólòlò àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń fi ohùn jẹun.

Ní ọjọ́ kejì mo kọ orúkọ mi sára pátákó ní kíláàsì tí mò ń kọ́, orúkọ tí K bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì yíjú sí àwọn ọmọ láti pè é. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo ṣì ń pè é lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo pè é, n kò sì jẹ́ Àjàní fún àjèjì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo olùkọ́ òyìnbó ló dà bíi Crouch: Joe Biden tó ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, sístà kan tó ń kọ́ àwọn ní ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì sín òun jẹ níwájú kíláàsì, ó ń pe orúkọ òun bí akólòlò. Ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó ní bí sístà náà bá tún dán an wò, òun á ṣí ìborí orí rẹ̀ dànù. Ìyàwó mi fẹ́ràn ibi ìtàn yìí gan-an. Èmi ni mo ń dá a dúró, Mà.

Ọmọ mi mọ James Earl Jones. Bàbá Mufasa ló ń pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ yẹn, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ewì náà sì wà níbẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin. Ó ti dà á kọ sínú ìwé mìíràn kí ó lè ní tirẹ̀. Ó bi mí pé, “Dádì, ṣé wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Bàbá Mufasa náà?” Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá bá yín.

5. Ohun tí mò ń béèrè.

Kí ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá ń kólòlò máa na ọwọ́ sókè bí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, dípò “Present, Ma” tó ń jẹ́ kí inú rẹ̀ máa run láti orí ibùsùn. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ wo ojú rẹ̀, kí ó dúró. Bí ó bá jẹ́ ìwé kíkà sókè ni, kí wọ́n bi í ní kọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ kà á bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní ìdánwò ńlá ń bọ̀ níwájú: WAEC pàápàá, orí ìwé la ti ń dáhùn Oral English ní Nàìjíríà.

Kí ẹ fòpin sí sísín-jẹ, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àwọn olùkọ́. Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ.

Kí ẹ pe ẹnìkan wá bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ láti 1977. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti ṣèlérí fún àwọn òbí mẹ́ta pé èmi ni n ó san owó ọkọ̀ àlejò náà. Mi ò sì tíì mẹ́nu kan òfin 2018 tó ní kí a má fi ìpèníjà ara ya èèyàn sọ́tọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, n kò sì fẹ́ kí ó di ohun tí a ó mẹ́nu kàn.

Èyí tó kẹ́yìn: ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ni ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé nítorí àwọn tó ń kólòlò, láti 1998. Ilé-ẹ̀kọ́ á ti wọlé nígbà náà. Mo ń béèrè ìlà 24 lórí àsẹ́ńbílì àárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí àárọ̀ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sún mọ́ ọn jù. Mi ò ní kí àgbà bẹ ọmọdé. Kí ẹ kàn pè é, kí ẹ fi ẹnu yín sọ fún un pé ewì náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun kò ké e mọ́, a ó gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá sì ké e, tó dé orí “baba” tó há, mo bẹ̀ yín, kí ẹ pa ọwọ́ pọ̀ kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Nọ́ńbà mi wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹ lè pè mí nígbàkúùgbà, Mà. Bí mo bá gbé e, tí ẹ ní “Hẹ́lò,” tí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.

Èmi ni,
Bàbá ọmọ tó di aṣọ “Ẹ Káàbọ̀” mú